Ṣé Iná Mànàmáná Lè Jí Apá Tó Ti Rọ? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé Wa

Nínú àwọn lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa láti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, mẹ́ta dá lé ọ̀rọ̀ kan náà, èyíinì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé orí láti fi iná mànàmáná díẹ̀ ran ọpọlọ lọ́wọ́, kí ẹ̀yà ara tí kò lágbára mọ́ lè tún ṣiṣẹ́. Nítorí pé owó ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tí ìrètí àwọn ẹbí sì pọ̀ ju owó lọ, a fi gbogbo àyè ìbéèrè àti ìdáhùn fún un lọ́tẹ̀ yìí. Onímọ̀ fisiotẹ́rápì tí ń dáhùn ìbéèrè ìlera fún wa ni ó kọ àwọn ìdáhùn náà.

Lẹ́tà láti Láàgéré, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Aṣọ ni mo ń tà ní Láàgéré. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu baálé mi, tí wọ́n jẹ́ káfíńtà, ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ni ó mú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lè di ṣíbí mú títí di òní. Ọmọ wa tí ó wà ní Jámánì sọ fún wa pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé lé orí aláìsàn, tí iná yóò wọ inú ọpọlọ láìla orí, tí apá yóò sì jí. A rí ẹnì kan tí ó sọ pé òun ní ẹ̀rọ náà, tí ó sì ṣèlérí pé bí baálé mi bá gbà á nígbà mẹ́wàá, wọn yóò padà sí ìdí iṣẹ́ wọn. Iye tí ó pè ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àbúrò wọn fi ń sọ pé kí a ta ilẹ̀ tí a fẹ́ fi kọ́lé. Ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí mo gbọ́ pé irú iná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò fún àwọn tí orí wọn dàrú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú baálé, ẹ sì kú àìsùn. Èyí tí ó kánjú jù ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má ta ilẹ̀ náà. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún yín kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìmọ̀ ìṣègùn lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò mú ṣẹ, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ bí mo ti ń bá àlàyé mi lọ.

Ọmọ yín kò parọ́. Ẹ̀rọ náà wà, tDCS sì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Jámánì tí ọmọ yín wà gan-an wà lára ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ní ìlú Göttingen ni Michael Nitsche àti Walter Paulus ti ṣe ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2000, tí ó fi hàn pé iná tí kò lágbára, tí a fi sí awọ orí lásán, lè mú kí ibi tí ń pàṣẹ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nínú ọpọlọ túbọ̀ wà lójúfò, tàbí kí ó rọlẹ̀ bí a bá yí ọ̀nà tí iná náà ń gbà padà.

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò le láti ṣàlàyé. Wọ́n á rẹ fóòmù méjì sínú omi iyọ̀, wọ́n á fi ìgbànú rọ́bà dè wọ́n mọ́ orí, wọ́n á sì so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ń lo bátìrì. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìhà òsì ọpọlọ ni ó ń darí ìhà ọ̀tún ara, ìhà òsì ni ọgbẹ́ ti baálé yín wà, orí ibẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń gbé fóòmù tí iná ti ń wọlé sí, tí èkejì yóò wà níwájú orí ní ìhà ọ̀tún, lókè ojú. Mílíámpíà 1 sí 2 ni agbára iná náà sábà máa ń jẹ́, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Aláìsàn kì í sùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì lè máa sọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé ó ń yún àwọn lábẹ́ fóòmù, orí a sì máa fọ́ àwọn mìíràn díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rù tí ń bà yín, ọ̀tọ̀ ni iná tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò fún àwọn tí àìsàn ọkàn wọn ti le débi pé oògùn kò ràn án mọ́ máa ń tó nǹkan bí mílíámpíà 800. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn kun aláìsàn lóorun, wọ́n á sì mọ̀ọ́mọ̀ mú kí gìrì gbé e fún ìgbà díẹ̀. Ìtọ́jú tí ó níyì tirẹ̀ ni, kò sì yẹ kí a máa fi ẹni tí ó gbà á ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ tDCS ju pé iná ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí Marom Bikson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ jọ ní ọdún 2016, wọ́n yẹ ìgbà tí ó lé ní 33,000 wò tí a ti lo tDCS fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní 1,000, wọn kò sì rí ẹnì kan tí ó ti ara rẹ̀ ní ìpalára tí ó le.

Bí ewu rẹ̀ kò bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ má ta ilẹ̀? Ìdí ni pé iná náà kì í pàṣẹ fún apá, kì í sì í wo ọgbẹ́ ọpọlọ sàn. Awọ orí àti agbárí máa ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé inú, ìwọ̀nba tí ó bá sì wọlé kò tó láti mú kí ìka kan ṣoṣo mira. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ibi tí ó bá dé nínú ọpọlọ tètè gba ẹ̀kọ́ fún ìgbà díẹ̀, bóyá wákàtí kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí a máa rọrùn láti kọ ebè, ṣùgbọ́n òjò kì í báni kọ ebè. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà lé orí baálé yín, tí wọ́n sì jókòó lásán títí ogún ìṣẹ́jú fi pé, kò sí ẹ̀kọ́ tí ọpọlọ yóò rí gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá tún rí ẹni náà, ẹ bi í léèrè irú ìdánrawò tí baálé yín yóò máa fi apá ṣe nígbà tí iná bá wà lórí wọn àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá ní ìdáhùn kan pàtó, kò mọ ohun tí ó ń tà.

Ẹ ó tún gbọ́ nípa ẹ̀rọ mìíràn tí ń jẹ́ TMS, tí Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ìlú Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1985. Òun kì í fi iná kan awọ orí. Agbára òòfà ni ó ń rán gba inú agbárí kọjá, tí yóò sì di iná nínú ọpọlọ, ó sì lágbára débi pé ó lè mú kí àtàǹpàkò ta pọ́ún láìjẹ́ pé aláìsàn gbé e. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2008 fún àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn ti di àìsàn sí lára, kì í ṣe fún apá tí ó rọ.

Ìwádìí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ ni èyí tí wọ́n fi TMS ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, nítorí pé irú àwọn tí ó wà ní ipò baálé yín gẹ́lẹ́ ni wọ́n lò: ènìyàn 199 tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ní nǹkan bí oṣù 3 sí oṣù 12 ṣáájú. Gbogbo wọn ni wọ́n fún ní ìdánrawò apá lábẹ́ àbójútó. Àwọn kan gba agbára òòfà gidi, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ayédèrú lé àwọn yòókù lórí, láìjẹ́ kí aláìsàn mọ èyí tí òun gbà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà kọjá lẹ́yìn ìtọ́jú náà, 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gba ti gidi ni apá wọn ti sunwọ̀n débi tí ó lè yí ayé wọn padà. Ti àwọn tí wọ́n gba ayédèrú jẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Àwọn tí kò gba ohunkóhun ju ìdánrawò lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbádùn tó àwọn yòókù, àti pé oṣù mélòó kan ti kọjá lórí àìsàn wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti tDCS fúnra rẹ̀, ìwádìí kékeré kan láti Oxford ní ọdún 2016, tí ènìyàn 24 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé àwọn tí wọ́n gba iná gidi pẹ̀lú ìdánrawò ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe dáadáa ju àwọn tí wọn kò gbà á lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ Cochrane, tí ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò káàkiri ayé, kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ ní ọdún 2020, wọ́n rí i pé ó lè ran aláìsàn lọ́wọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ bíi wíwẹ̀ àti wíwọ aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń dá agbára apá padà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìrètí wà nínú ìmọ̀ yìí. Ohun tí ó ń dùn mí ni kí a máa ta ìrètí tí àwọn onímọ̀ ṣì ń dán wò fún ẹni tí ìdààmú bá, bí ẹni pé ó ti dájú.

Níbo ni kí owó àti agbára yín lọ, nígbà náà? Ó yẹ kí ó lọ sí iṣẹ́ tí apá náà fúnra rẹ̀ yóò máa ṣe. Ní ọdún 2009, Catherine Lang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka iye ìgbà tí apá tí ó rọ ń ṣe iṣẹ́ gidi nínú ìpàdé fisiotẹ́rápì kan ní àwọn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìgbà 32 péré ni, bí a bá pín in dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìwádìí tí wọ́n fi ẹranko ṣe, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́ ni ó ń gbà kí ọpọlọ tó tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Ilé ni ẹ ti máa rí ìyókù ìgbà wọ̀nyẹn, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Káfíńtà ni baálé yín, nítorí náà kí ó má jẹ́ bọ́ọ̀lù rọ́bà nìkan ni wọn yóò máa fún mọ́wọ́. Ẹ fún wọn ní sáńpépà, kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún máa ha pákó tí a dè mọ́ tábìlì, kí ọwọ́ òsì lé e láti ràn án lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣa ìṣó ńlá láti inú abọ́ kan sí òmíràn, kí wọ́n máa yí ìdérí ìgò, kí ọmọ kan sì jókòó tì wọ́n láti máa kà á. Bí ìka wọn bá ti lè ṣí díẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ sì lè gbéra, onífisiotẹ́rápì lè ní kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ dí ọwọ́ òsì fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí ọwọ́ ọ̀tún lè di dandan fún wọn láti lò. Edward Taub ni ó fi ọ̀nà yìí han ayé, ẹ̀rí tí ó gbè é lẹ́yìn sì lágbára ju ti iná orí lọ.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò jìnnà sí yín, ẹ̀ka fisiotẹ́rápì wà níbẹ̀, yunifásítì náà sì ń kọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ẹ̀rọ tí ń fi iná sí ẹran apá yóò bá baálé yín mu; apá ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe orí, ó ti pẹ́ tí a ti ń lò ó, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń polówó fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa apá náà láti gbé wọn dìde lórí àga, nítorí ejìká tí ẹran rẹ̀ ti rọ lè yẹ̀. Kí àwọn tí ń fi omi gbígbóná jó o sì ṣọ́ra gidigidi: apá tí kò mọ gbígbóná lè bó kí ẹnì kan tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ńkọ́? Ìwádìí SIREN, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí ohun tí ń fa àrùn rọpárọsẹ̀ láàárín wa. Kí wọ́n má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ṣeré.

Bí ọjọ́ kan bá dé tí dókítà yín fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dán tDCS tàbí TMS wò, ẹ sọ fún un bí wárápá tàbí gìrì bá ti gbé wọn rí, bí irin bá wà nínú orí wọn, bí ẹ̀rọ bá wà láyà wọn tí ń ran ọkàn lọ́wọ́, tàbí bí wọ́n bá ti yọ egungun kúrò ní agbárí wọn rí.

Lẹ́tà láti Òkèṣà, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Olùkọ́ ni mí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní ibà ní oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ ní ìdí níbì kan ní àdúgbò wa. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀ bí ó bá ń rìn. Ẹnì kan sọ fún mi pé iná tí wọ́n ń gbé lé ọpọlọ ń mú iṣan tí ó rọ lágbára. Ṣé ó lè ran ọmọ mi lọ́wọ́?

Ìdáhùn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, olùkọ́. Kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ọpọlọ ọmọ yín kò ṣe ohunkóhun. Nínú ìdí ènìyàn ni iṣan ńlá kan gbà tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn tí ń ta ara, irú bíi kuiníìnì, bá kan iṣan náà, àṣẹ yóò máa ti ọpọlọ wá, ṣùgbọ́n kò ní dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti já ni ó yẹ kí a tọ́jú. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ àìlera mìíràn tí kì í ṣe inú ọpọlọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, irú bí ẹsẹ̀ tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti bàjẹ́ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí àrùn tí ń jẹ ẹran ara fúnra rẹ̀.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild níbẹ̀ ní Iléṣà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí ó di oṣù tí ń bọ̀. Dókítà yóò yẹ ẹsẹ̀ náà wò láti mọ bí iṣan ṣe bàjẹ́ tó. Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà gan-an fún wọn, nítorí òfin ètò ìlera ni pé kí wọ́n ròyìn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé rọ, kí wọ́n lè rí i dájú pé kì í ṣe rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Kí ẹ̀rù má bà yín bí wọ́n bá béèrè ìgbẹ́ ọmọ náà fún àyẹ̀wò.

Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ara wọn ń yá, ṣùgbọ́n sùúrù ni ó ń gbà, torí pé iṣan tí ó já kì í hù ju nǹkan bí mílímítà 1 lọ lójúmọ́, ọ̀nà tí ó wà láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin sì gùn. Iṣẹ́ yín ní àkókò yìí ni láti má ṣe jẹ́ kí kókósẹ̀ gan. Ẹ máa fi ọwọ́ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, kí ẹ dì í mú díẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ sílẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ẹ sì gba bàtà àtìlẹ́yìn tí onífisiotẹ́rápì bá wọ̀n fún un. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá tí kò sí ìyípadà rárá, iṣẹ́ abẹ wà fún àwọn kan. Bí ibà bá tún dé, ẹ béèrè oògùn tí a ń gbé mì. Bí abẹ́rẹ́ bá di dandan fún ọmọ kékeré, ẹ̀gbẹ́ iwájú itan ni ó sàn kí wọ́n gún un.

Lẹ́tà láti Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí ní yunifásítì. Ìyá mi àgbà ní àrùn rọpárọsẹ̀, owó ìtọ́jú sì ti tán lọ́wọ́ wa. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí a ti lè fi bátìrì fóòtù 9 ṣe ẹ̀rọ tDCS nílé. Ó jọ ohun tí mo lè ṣe. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn

Má ṣe é, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìyá àgbà ni ó gbé ọ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwọ náà ti mọ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ, iná tí yóò kọjá kì í dúró sójú kan bí awọ orí bá ń gbẹ tàbí bí fóòmù bá ṣí kúrò. Ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn ń lò máa ń wọn ìyípadà yìí, ó sì ń dín iná náà kù kí ó tó jó awọ. Awọ àgbàlagbà a sì máa fẹ́lẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí o bá gbé fóòmù síbi tí kò yẹ, tàbí tí o yí wáyà méjèèjì padà, o lè mú kí ibi tí o fẹ́ jí nínú ọpọlọ rọlẹ̀.

Ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe fún wọn pọ̀. Ṣe pákó pẹrẹsẹ tí ó ní ihò àti èèkàn tí wọn yóò máa fà yọ tí wọn yóò sì máa kì bọ̀ ọ́. Ṣe ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa ka iye ìgbà tí apá wọn gbéra, kí o sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ láti fi han onífisiotẹ́rápì nígbà tí ẹ bá lọ. Bí ìmọ̀ ọpọlọ bá sì wù ọ́ tó bẹ́ẹ̀, lọ bá àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtúnṣe ara ní yunifásítì, nítorí irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí oníṣègùn nìkan lè dá ṣe láìsí onímọ̀ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá sì ń ṣe ìwádìí kan tí ìyá àgbà lè bọ́ sí, béèrè ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí o sì mọ̀ pé ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìtọ́jú tí wọ́n ṣì ń dán wò kò yẹ kí ó sanwó rẹ̀.